Sìgá Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Àpòmù

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo lò nílùú òyìnbó, mo rò pé imú mi ti kú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní òtútù ni, pé kí n lo oògùn. Ẹran wà nínú ọ̀rá, búrẹ́dì wà nínú ọ̀rá, kódà ọsàn wà nínú ọ̀rá, kò sí èyí tó ń rùn nínú wọn. Òjò á rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀ kò ní mú òórùn kankan jáde. Nílé, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé Àpòmù, a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, nítorí atẹ́gùn á ti gbé òórùn ilẹ̀ tútù wá láti ọ̀nà Wásinmi. Níbi tí mo wà yìí, bí òjò bá dá, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá mí kanlẹ̀. Asán ni.

Inú yàrá yìnyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹja ni wọ́n ń kó síbẹ̀, àwa la sì ń to páálí rẹ̀ láti aago márùn-ún àárọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹja náà pàápàá kì í rùn. Nígbà tó yá, orí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí kú. Màá fi àtàǹpàkò tẹ ìka ìlábẹ̀, n kò ní mọ èyí tó ń tẹ èkejì. Ọ̀gá wa ní ó máa mọ́ mi lára. Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù wá lọ na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi: kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọwọ́ àti imú ni gbogbo ogún tí Ìyá Àgbà fún mi. Imú ti lọ, ọwọ́ náà ń lọ.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Ewé tábà àti aṣáà ni wọ́n ń tà ní Àpòmù láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí a bá ti gba ìsinmi nílé ìwé, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń rán mi lọ láti Ìkirè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn àgbẹ̀ á ti gbé ìdì ewé wọn dé láti Ìkirè-Ilé, àwọn mìíràn láti Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà kì í bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Wọ́n á fa ewé kan yọ láàárín ìdì, nítorí ewé òkè ni àgbẹ̀ fi ń tan ènìyàn. Wọ́n á gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá omi ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á rún ẹ̀bá rẹ̀ létí, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n á wá gbé e sí imú. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á nà án sí mi.

"Ọkọ mi, kí ló wí?"

Bí mo bá ní òjò pa á níbi tí wọ́n sá a sí, tó sì rí bẹ́ẹ̀, dòdò Ìkirè di tèmi lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á tún fa òmíràn yọ, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tábà sétí. Owó rẹ̀ ló rán wọn níwèé, ṣùgbọ́n nílé ìwé náà ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń pè wọ́n ní Ọmọ Aláṣáà. Bí wọ́n bá ti jókòó, gbogbo bẹ́ńṣì á bẹ̀rẹ̀ sí sín. Wọ́n di ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì níbẹ̀, wọ́n di tíṣà, wọ́n di ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n fẹ̀yìn tì, tábà kò wọ ilé wọn ní Ìkirè rí. Bí mo bá ti Àpòmù dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wẹ̀ kí n tó wọlé. Ìyá Àgbà kò bínú sí i. "Ìwé ló kà," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fi ìka kan tọ́ aṣáà wọn wò.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ti ìdí ẹja bọ̀, mo sì gba òpópó kan tí n kò gbà rí. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ṣí, ìyá òyìnbó kan jáde, ilẹ̀kùn padà dé. Láàárín ìgbà tó ṣí àti ìgbà tó dé, ó dà bí ẹni pé Ìyá Àgbà kọjá níwájú mi. Mo dúró. Ìgbà tí omi dé àgbọ̀n mi ni mo tó mọ̀ pé mò ń sunkún. Imú mi kò kú. Mo ṣí ilẹ̀kùn náà, mo wọlé.

Àpótí pákó ni wọ́n tò láti ilẹ̀ dé àjà, sìgá ló wà nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe sìgá tẹ́ẹ́rẹ́ oníbébà tí àwọn onímọ́tò ń mu. Odindi ewé tábà ni wọ́n ká, láìsí bébà, láìsí òwú lẹ́nu. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn káńtà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Harold lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà.

"Ẹ má bínú, sà. Òórùn yìí ni mo tẹ̀ lé wọlé."

Ó wò mí títí. Ó ní ọdún pọ̀ tí òun ti ń tajà, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Kí n tó jáde, ó ti fún mi níṣẹ́: kí n máa wá gbálẹ̀, kí n máa nu eruku orí àpótí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé mo ṣì ń to ẹja láàárọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí màá máa mí sí.

Ìjàngbọ̀n ibẹ̀ ni bàbá mi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n máa ń pè mí.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, sà."

"Ọ́fíìsì náà ńkọ́?"

"Dáadáa ni, sà."

N kò sọ fún wọn rí pé ọ́fíìsì ni mo wà. Àwọn fúnra wọn ló fún iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìjọ, n kò wá mọ ibi tí mo fẹ́ gbà tún un ṣe. Mo lè rọra sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé ẹja ni mò ń tò. Pé mò ń gbálẹ̀ láàárín tábà, lẹ́yìn gbogbo bí wọ́n ṣe sá fún un, n kò lè fi ẹnu mi sọ ọ́. Irọ́ náà ń wúwo sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń mú kó tutù, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ sì ní ọ̀rinrin díẹ̀, kí ewé má baà gbẹ. Ibẹ̀ ni àwọn sìgá tó dára jù ń gbé. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń nu àpótí kan, mo gbọ́ ọ tó dún. Mo ní, "Sà, èyí ti ń gbẹ." Ọ̀gbẹ́ni Harold wo ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin lára ògiri, ó ní ẹ̀rọ sọ pé kò sí nǹkan. Mo ní ẹ̀rọ kò gbé e sétí. Ó ṣí i, méjì ti sán nínú rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ẹni tó ń tọ́jú yàrá náà kó lọ sílùú mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni Harold pè mí. "Lọ́jọ́ Sátidé a ó jọ jókòó. Màá fún ọ ní ọ̀kan. Bí o bá lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, yàrá yìí di tìrẹ. Bí o kò bá lè sọ ọ́, a ó máa bá ìgbálẹ̀ lọ." Ọ̀sán-gangan Sátidé náà, mo ti tẹ àwọn ìka mi tó ìgbà ogún kí n tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí sìgá náà ṣe rí. Ó gùn láti ọrùn ọwọ́ mi kọjá orí ìka àárín, ó nípọn bí àtàǹpàkò àgbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ti obì gbígbẹ lọ, ó ń dán, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi epo pa á. Mo wá iṣan ewé lára rẹ̀, n kò rí. Mo wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, n kò rí ìyẹn náà. Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gbé e sétí, mo gbé e sí imú. N kò mu sìgá rí. Ìyá Àgbà pàápàá kì í mu ún, aṣáà ni tiwọn, díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ṣùgbọ́n mo mọ ewé tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún nígbà tí mo bá rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Harold gé orí rẹ̀ fẹ́ẹ́, ó rọra yí ẹnu rẹ̀ lókè iná títí ó fi ràn yíká, ó nà án sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, orúnkún mi tẹ̀ díẹ̀. Mo jókòó. Bí mo ṣe gbé e sẹ́nu, mo kọjú sí ògiri, mo kẹ̀yìn sí i.

N kò ronú sí i. Ara mi ló yí fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ọkùnrin lè bímọ mẹ́fà kó sì máa mu sìgá, ṣùgbọ́n bí ẹni tó tó bàbá rẹ̀ bá yọ, yóò wá ibi fi sìgá náà pamọ́ sí. Mo mọ ẹnìkan ní Ìkirè tó fi sìgá oníná sínú àpò ṣòkòtò nítorí àbúrò bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Ó kí bàbá náà, ó béèrè ilé, ó béèrè oko, ṣòkòtò ń jó.

"Bí ó bá ń rí ọ lára," ni Ọ̀gbẹ́ni Harold wí lẹ́yìn mi, "gbé e kalẹ̀. N kì í fi ipá mú ènìyàn." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn náà pé yàrá ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹja ń dúró dè mí.

"Kò rí mi lára, sà. Ẹ̀yin lẹ dàgbà. Nílé wa, a kì í mu ún lójú àgbà."

Ó ní, "Ẹ̀yìn àgbà ńkọ́?"

"Ìyẹn kò burú, sà."

Mo gbọ́ tó ń wọ́ àga. Ó gbé e títí ó fi kan tèmi, ó jókòó, ó tan ọ̀kan tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ẹ̀yìn mi. "Ó dáa," ó ní. "Mi ò rí ọ, ìwọ náà ò rí mi. Máa sọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe mu ún, èmi kọjú sí ògiri, òun kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n má gbé èéfín náà mì, kí n jẹ́ kó rìn ká ẹnu, kó sì jáde. Ó ní òun kọ́kọ́ gbọ́ òórùn igi kédárì, èmi ńkọ́? Mo ní kédárì tí mo mọ̀, inú Bíbélì ló wà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mi ẹ̀yìn mi. Mo tún fà á. Mo ní, "Kòkó ni, sà. Kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún bí ọjọ́ mẹ́fà, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i." Ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tó jó dé ìdajì, ata díẹ̀ wọlé, kò ta ahọ́n, ọ̀nà ọ̀fun ló dúró sí. Lẹ́yìn ata náà ni ohun tí mo ti ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó wọlé wá, òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lé. Ọ̀gbẹ́ni Harold ń mu tirẹ̀ lọ. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ìparí, ó bẹ̀rẹ̀ sí dùn, adùn dúdú tó ní ata nínú. Mo ní dòdò Ìkirè rèé, mo sì ní láti ṣàlàyé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà àti ohun tí àwọn obìnrin ìlú wa ń fi ṣe.

Mo wo eérú rẹ̀. Ó funfun, ó gùn tó oríkèé ìka méjì, kò já. Ìyá Àgbà máa ń dáná sun etí ewé láti wo eérú. Bí ó bá funfun, ilẹ̀ tó hù ú dára. Mo ní, "Oríṣi ewé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, sà, wọn kò ti oko kan náà wá. Ọ̀kan hù lókè orí igi tábà, oòrùn mú un dáadáa, òun ló ń ta yẹn. Èyí tí wọ́n fi bò ó lóde, abẹ́ ìbòòji ló ti hù. Ẹni tó sì ká a, kò kánjú."

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Òun fúnra rẹ̀, sà."

Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi jókòó bẹ́ẹ̀. Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì lásán ni sìgá ńlá. Lọ́jọ́ náà mo rò ó pé níbìkan, ẹnìkan ru ìdì ewé yìí wá láàárọ̀, obìnrin kan gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún kó máa dàgbà, wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni tí yóò mu ún. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn tọkàntọkàn.

"Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án," ni Ọ̀gbẹ́ni Harold wí. "Fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nílé."

Mo dúpẹ́, mo jáde sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì bì. Tábà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n n kò tún fojú kan ẹja mọ́, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹta, ìka mi ti ń mọ ohun tí mo bá fọwọ́ kàn.

Láti ìgbà náà ni ìlú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ mí díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á ní, "Èyí ńkọ́, kí ló jọ ní ọ̀dọ̀ yín?" Ọ̀gbẹ́ni Harold fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "dòdò Ìkirè" sí abẹ́ àpótí kan. N kò di ọmọ ìlú wọn nítorí ìyẹn. Mo kàn ní ibi kan tí ohun tí mo mọ̀ láti ilé ti wúlò, ìyẹn sì mú kí n lè sùn.

Ní ìparí ọdún kejì, Ọ̀gbẹ́ni Harold fún mi ní ọ̀kan nínú irú sìgá yẹn, nínú àpótí pákó tirẹ̀. Mo ti mọ ẹni tó ni ín. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìkirè tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nítòsí mi, ń lọ sílé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e lọ tààrà sí Àpòmù, sọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Mo gbàgbé pé wọ́n tọ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìkirè kò jẹ́ gba iwájú ilé bàbá ẹni tó rán an níṣẹ́ kọjá pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Wọ́n yà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé àpótí náà lé tábìlì: "Ọmọ yín ní kí n gbé e fún Ìyá Àgbà, sà." Bàbá mi ṣí i. Wọ́n béèrè irú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún òṣìṣẹ́ ní irú èyí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò lè purọ́ fún àgbà, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé, bàbá mi kò pè. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọn kò pè. Mo pe ìyá mi, wọ́n ní, "Bàbá yín kò tíì sọ nǹkan kan." Mo bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú ilé, mo bẹ̀bẹ̀, mo jiyàn, mo tún bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá bú mi, mo lè gbà á. Ohun tó ń já mi láyà ni pé wọ́n lè má sọ ọ́ láéláé, kí wọ́n kàn dákẹ́ lé mi lórí bí wọ́n ṣe dákẹ́ lé tábà.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, fóònù dún, nọ́ńbà bàbá mi ni, ìpè alááwòrán. Mo gbé e, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà ní Àpòmù ni mo rí. Ìyá Àgbà jókòó lórí ẹní, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé ẹsẹ̀, àpótí wà níwájú wọn. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn kò lè di fóònù mú, nítorí náà bàbá mi ló dì í. N kò rí ojú wọn.

"Ọkọ mi."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Ìyá Àgbà nìkan ló dáhùn. Wọ́n gbé sìgá náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá fi èékánná là á láti orí dé ìdí. Ó kù díẹ̀ kí n pariwo. Sìgá tí àwọn oníbàárà wa ń bọ́ fìlà fún, Ìyá Àgbà ṣí i bí ẹni ṣí ẹ̀kọ. Wọ́n tẹ́ ewé rẹ̀ sórí aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ká eléyìí? Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ọlọ́run á bá wa bù sí i." Wọ́n mú ewé inú. "Ọkọ mi, kí ló wí?"

"Orí igi ló ti wá, mà. Oòrùn mú un."

"Alhamdulillahi." Wọ́n mú ewé òde, wọ́n nà án sókè, ó kọjá fóònù. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló wí?"

Mo la ẹnu láti dáhùn.

"Ìwọ tó di fóònù ni mò ń bi."

"Màmá," ni bàbá mi wí.

"Gbà á."

Àwòrán mì, mo rí páànù òrùlé, wọ́n ti gbé fóònù ti ara àpótí. Mo wá rí bàbá mi, wọ́n dúró, ewé wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo èmi. Wọ́n kẹ̀yìn sí àwa méjèèjì. Mo rí i tí èjìká wọn gòkè, tó dúró lókè, tó tún sọ̀kalẹ̀.

"Abẹ́ ìbòòji ni," ni wọ́n wí, wọn kò tíì yíjú padà. "Wọn kò jẹ́ kí òjò kàn án. Ó ti pé ọdún mẹ́ta dáadáa tí wọ́n ti já a lóko." Ọ̀gbẹ́ni Harold ti sọ iye ọdún yẹn fún mi. Kò sí lára àpótí.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ yíjú padà, wọ́n sín. Wọ́n tún sín. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi fi aṣọ funfun nu ojú, bàbá mi náà sì ń nu ojú tiwọn. N kò lè sọ pé tábà nìkan ló fà á.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, fóònù mi dún. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ará ìjọ tí wọ́n ń kíra wọn yí wọn ká.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, sà."

Bàbá mi gbé ohùn sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ṣọ́ọ̀bù tábà náà ńkọ́?"